Ọjọ́ Tí Mo Tú Síkúẹ̀ Ìyá Ràṣídà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ibafo. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́. Ojú ló ń tì mí. Ojú ṣì ń tì mí lónìí náà, àmọ́ màá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tètè mọ̀ o: nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi kọ́ ni ẹni rere. Tó bá jẹ́ ìtàn ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, tí Ọlọ́run wá gbé ga, lẹ̀ ń wá, ẹ kọjá sí ojú ìwé ẹlòmíràn.

Ọdún méje ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọmọdé ní Ìkẹjà. Láti Mowe ni mo ti ń lọ lójoojúmọ́. Nígbà tí ọ̀gá wa ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, mo jókòó sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sílé rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ! Oṣù kìíní, ẹ máa sùn dáadáa. Oṣù kejì, ẹ máa fọ gbogbo kọ́tìnnì ilé. Tó bá di oṣù kẹta, ọkọ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí lẹ ṣe látàárọ̀, ẹ ò sì ní rí ìdáhùn kankan fún un.

Àsìkò yẹn ni mo rí aṣọ ìbora kan lára ọmọ aládùúgbò wa. Aṣọ aláràbarà! Òwú ni wọ́n fi hun ún, onígun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n so pọ̀. Àárín ìkọ̀ọ̀kan wọn rí róbótó: pupa nínú, yẹ́lò yí i ká, búlúù yí ìyẹn ká, funfun wá sọ gbogbo ẹ̀ di igun mẹ́rin. Mo béèrè. Wọ́n ní kíróṣé ni, wọ́n ní granny square lorúkọ ẹ̀, pé obìnrin kan wà ní Ibafo tó ń kọ́ ènìyàn. Ní kíláàsì, síkúẹ̀ lásán la máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe pè é níbí.

Ẹ jẹ́ ká pe obìnrin náà ní Àǹtí Rónkẹ́. Orúkọ ẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn. Ọwọ́ ẹ̀ mọ iṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ló burú. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe kíláàsì, àwa obìnrin mẹ́jọ la wà níbẹ̀. Ó ta okùn kan láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ tí kò bá dára, orí okùn yẹn ló máa ń fi píìnì kọ́ ọ sí, á kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sórí bébà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Oníbàárà, àlejò, ẹni tó kàn yà wá kí i, gbogbo wọn ló ń rí i.

Ó ní ìtìjú ló ń kọ́ ọwọ́ níṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ ná.

Róbótó àárín yẹn ló kọ́kọ́ kọ́ wa. Ẹ máa ṣe ṣéènì mẹ́rin, ìyẹn ojóbó òwú tó wọnú ara wọn tẹ̀léra, ẹ máa so orí ẹ̀ mọ́ ìdí kó lè di òrùka. Inú òrùka yẹn lẹ máa hun òpó méjìlá sí. Òpó ni ìhun gígùn tó máa ń dúró ṣánṣán. Tó bá yí ká tán, ẹ gé òwú, ẹ mú àwọ̀ mìíràn, ẹ tún hun ún yí i ká. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ó máa ń rọrùn lójú ẹni tó ń wo ọwọ́ Àǹtí Rónkẹ́!

Tèmi kọ̀, kò tẹ́ sílẹ̀. Mo yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ó ká etí sókè. Mo yí i ká lẹ́ẹ̀kẹta, ó di abọ́. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó tún dìde. Mo jókòó lé e! Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo jókòó lé e lóòótọ́, nígbà tí mo máa dìde, abọ́ ṣì ni.

Àǹtí Rónkẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó dé e lé mi lórí. Ó ní kí gbogbo kíláàsì wá wo fìlà ọ̀bọ. Ó ní irú ọwọ́ wo nìyí, ṣé ọwọ́ tí mo fi ń wẹ ọmọ náà nìyí, tí àwọn ọmọ ò tíì jábọ́? Ó ní mi ò gbọdọ̀ ṣí i kúrò lórí títí kíláàsì á fi parí. Odindi wákàtí méjì ni mo fi jókòó síbẹ̀, èmi abilékọ, èmi ìyá ọmọ méjì, tí abọ́ òwú wà lórí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ràṣídà ni.

Ìyá Ràṣídà ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ará Ìfọ̀ ni, ilé ẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ Ràṣídà ọmọ ẹ̀ ló ń gbé ní Ibafo nígbà yẹn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ máa ń gbọ̀n, abẹ́rẹ́ á jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó hun òpó kan tán. Bébà tí orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀ ò kúrò lórí okùn rí. A rò pé kò mọ nǹkan kan ni. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń bi ara wọn pé kí ló gbé arúgbó wá síbi iṣẹ́ tó fẹ́ ojú tó fẹ́ ọwọ́.

Lẹ́yìn kíláàsì ọjọ́ fìlà ọ̀bọ yẹn, àwọn tó kù ti lọ, mo jókòó sórí pèpéle níta, mò ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá Ràṣídà ń dúró de ọmọ ẹ̀ tó máa ń wá mú un lọ sílé. Ó wá jókòó tì mí. Kò ní kí n má sunkún mọ́. Ó kàn na ọwọ́ òsì, ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ta ló sọ fún ẹ pé èyí burú?" ló bi mí. "Fìlà lo ṣe. Fìlà tó dáa. Àmọ́ fìlà kọ́ ni wọ́n ní kó o ṣe."

Mo ní, "Mà?"

"Òpó mélòó lo kọ́kọ́ hun?"

"Méjìlá, Mà."

"Nígbà tó o yí i ká lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?"

"Méjìlá náà ni, Mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé ń fẹ̀, o ò fi èrò kún un. Báwo ló ṣe máa tẹ́? Orí òpó kọ̀ọ̀kan tó wà nísàlẹ̀, méjì méjì ni kó o hun sí i, kó di mẹ́rìnlélógún. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, hun méjì sórí ọ̀kan, hun ẹyọ kan sórí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wà á ṣe lọ títí á fi di mẹ́rìndínlógójì. Tí o ò bá fi kún un, á di fìlà. Tó o bá sì fi kún un jù, á máa ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Ẹnu ni kó o fi máa kà á, má fojú kà á. Ojú máa ń purọ́."

Ibẹ̀ ló ti wá sọ fún mi. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi hun fìlà tà ní Ìfọ̀, àwọn fìlà òwú tí àwọn ọkùnrin máa ń dé lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn kan máa ń wá rà á lọ́wọ́ ẹ̀ láti Àgbàdo. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọlù ú nìyẹn, ó mú un lọ́wọ́ ọ̀tún. Ní ọsibítù, ẹni tó ń bá a na ọwọ́ ní kó lọ wá iṣẹ́ tí ọwọ́ náà ti mọ̀ rí, kó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Tó bá sì dá wà nílé, ó máa ń sú u, á ju abẹ́rẹ́ nù. Ìdí nìyẹn tí Ràṣídà fi mú un wá sí kíláàsì, kó lè wà láàárín ènìyàn.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún Àǹtí Rónkẹ́. Ó ní tí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí òun fi han àwọn. Kí ni òun fẹ́ fi hàn? Ọwọ́ tó ń gbọ̀n? Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo pa á mọ́. Àṣírí yẹn nìkan ni mo bá a pa mọ́, torí ó ṣe èmi náà láǹfààní.

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, orí pèpéle yẹn ni kíláàsì mi gan-an. Ìyá náà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ róbótó di igun mẹ́rin. Ẹ máa yan ibi mẹ́rin yí i ká tí àlàfo wọn dọ́gba. Nínú ihò ìkọ̀ọ̀kan, ẹ hun òpó mẹ́ta, ẹ ṣe ṣéènì méjì, ẹ tún hun òpó mẹ́ta sínú ihò kan náà. Igun dé nìyẹn! Láti igun kan dé èkejì, òpó kúkúrú lẹ máa fi dí àárín. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi òpin òwú pamọ́ sáàárín ìhun tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rí i. Òun á máa sọ ọ́, èmi á máa hun ún.

Nígbà tó yá, síkúẹ̀ mi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Àǹtí Rónkẹ́ gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi.

Ìyá Ràṣídà wà níwájú mi níbẹ̀. Lóòótọ́, ó ní kí n má sọ. Àmọ́ mo lè sọ pé ẹnì kan ló kọ́ mi, kí n má dárúkọ, àbí? Mo ní orí fóònù ni mo ti wò ó. Mo tún fi kún un pé mo kàn fara balẹ̀ ni, pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní ọpọlọ tó ń gba nǹkan. Ta ni mò ń bá wí? Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Wọ́n wo ìyá náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o! Ọjọ́ yẹn gan-an, lórí pèpéle, ó tún fi bí wọ́n ṣe ń so síkúẹ̀ mọ́ síkúẹ̀ hàn mí. Kò mẹ́nu ba ohun tí mo sọ. Ó yẹ kí ìyẹn dùn mí wọra. Kò dùn mí. Mo ní lọ́kàn mi pé bóyá kò gbọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí kíláàsì wa parí, Àǹtí Rónkẹ́ kéde pé òun fẹ́ ṣí kíláàsì kejì ní Mowe, pé ọ̀kan nínú wa lòun máa fi síbẹ̀. Ọkàn mi fò sókè. Mowe! Àdúgbò mi! Èmi tí àwọn ará ilé ọkọ mi ti ń pè ní ìyàwó ìjókòó, wọ́n á wá máa pè mí ní tíṣà.

Ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní ọwọ́ mi dáa, àmọ́ òun ò mọ̀ bóyá ojú mi le, torí ẹni tí ojú ẹ̀ ò bá le ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ó ní tó bá di Sátidé, èmi ni màá yẹ iṣẹ́ gbogbo wọn wò, òun á kàn máa wò mí ni.

Mo mọ ohun tó fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé mi ò mọ̀.

Sátidé dé. Mo jókòó sórí àga Àǹtí Rónkẹ́. Wọ́n ń mú iṣẹ́ wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń bú wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Rónkẹ́ ń mi orí. Ọ̀kan nínú wa gbé fóònù sókè, ó ń ká fídíò.

Ìyá Ràṣídà ló kẹ́yìn. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé tiẹ̀ wá, bí ẹni tó gbé abọ́ omi tó kún. Síkúẹ̀ kan ṣoṣo. Mo mọ síkúẹ̀ yẹn! Ojú mi ló ṣe fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta hun ún. Òpó kan, á sinmi. Òpó kan, á sinmi. Pupa nínú, àwọ̀ ewé yí i ká, yẹ́lò yí ìyẹn ká, funfun wá gbé igun mẹ́rin jáde. Róbótó àárín ẹ̀ dọ́gba ju tèmi lọ. Igun kan ló wọ́ díẹ̀, ibi tó ti rẹ ọwọ́ náà. Igun kan péré!

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó rò pé ẹni tóun mọ̀ ló jókòó síbẹ̀.

Mo gbà á. Mo gbé e sókè. Mo ní, "Màmá, kí lẹ pe èyí?"

Ó ní, "Síkúẹ̀ ni, Ìyá Tìmí."

Mo ní igun mẹ́ta ààbọ̀ lèmi rí o. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀. Mo wá òpin òwú. Ẹlòmíràn ì bá wá a títí kó má rí i, àmọ́ èmi mọ ibi tó fi pamọ́ sí, torí òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi í pamọ́. Mo fà á yọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Funfun lọ.

"Ìyá Tìmí," ló wí, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀.

Yẹ́lò lọ.

"Ìyá Tìmí, jọ̀ọ́, lọ́jọ́ Mọ́ńdè..."

Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ parí. Mo ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n bíi tẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè, kí ló fẹ́ fi òwú ṣe? Mo ní kó lọ máa fi òwú di ẹ̀fọ́. Àwọ̀ ewé lọ. Pupa lọ. Ó ku ṣéènì mẹ́rin àkọ́kọ́, mo fa ìyẹn náà.

Mo da òwú náà sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Àǹtí Rónkẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ìyá Ràṣídà kúnlẹ̀ láti kó òwú náà. Ọwọ́ òsì ló fi ń kó o, ọwọ́ ọ̀tún ò gbà fún un. Àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọ́ mọ́ra wọn. Ìyá tó ju ìyá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń ṣa òwú nílẹ̀, fídíò ń lọ. Kò sẹ́ni tó bá a ṣà á. Èmi náà jókòó. Ó kó gbogbo ẹ̀ tán, ó kì í sínú báàgì, ó wá wo ojú mi.

"O ṣeun, tíṣà," ló wí.

Wọ́n gbé fídíò náà sórí gúrúùpù wa. Láti ibẹ̀, ó rìn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ní Mowe ti ń fi í ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀méjì.

Lọ́jọ́ Túsìdé, Ràṣídà wá. Ẹgbẹ́ mi ni, wọ́n lè ti bí wa lọ́dún kan náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo inú fóònù, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kàn mí. Mo ti ń retí ariwo. Mo tiẹ̀ ti múra èsì sílẹ̀. Kò pariwo.

"Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Tìmí?"

Mo ní èmi ni.

"Màmá mi máa ń dárúkọ yín nílé. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni yín."

Ó ní síkúẹ̀ yẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ọwọ́ màmá òun máa ṣe parí látìgbà tí àìsàn ti dé. Àná, ọjọ́ Mọ́ńdè, ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ fi han ẹni tó ń tọ́jú ọwọ́ náà ní ọsibítù. Màmá òun ò lọ. Ó ní kò sí nǹkan tí òun fẹ́ fi hàn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló di ẹrù ẹ̀, ó padà sí Ìfọ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹni tó ti rí fídíò náà tún rí òun ní Ibafo.

"Mi ò bá tìjà wá," Ràṣídà wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Kí ni màmá mi fi ṣe yín?"

Àǹtí Rónkẹ́ ló dá a lóhùn, pé iṣẹ́ niṣẹ́, pé ẹni tí kò bá lè gba ìbáwí kó máa jókòó sílé ẹ̀. Ràṣídà ò tiẹ̀ wò ó. Èmi ló ń wò. Ó dúró pẹ́, ó ń retí ìdáhùn. Nígbà tí kò rí i, ó yí padà, ó lọ.

Ẹ̀yin kí lẹ rò? Ṣé ẹ rò pé mo kọ iṣẹ́ Mowe ni? Mo gbà á!

Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ wọn níbẹ̀, nǹkan sì ń lọ dáadáa. Ìyà kankan ò jẹ mí. Ara mi le, àwọn ọmọ mi ń lọ sílé ìwé, ọkọ mi ń fi mí yangàn lójú àwọn ẹbí ẹ̀. Èmi náà ta okùn tèmi. Èmi náà ń kọ́ iṣẹ́ wọn sí i pẹ̀lú orúkọ. Bí ìyá náà bá wá sí mi lọ́kàn, màá sọ fún ara mi pé arúgbó ni, á ti gbàgbé. Ẹ wo bí ọkàn ènìyàn ṣe burú tó!

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó tuntun kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ mú róbótó tiẹ̀ wá. Ó ti ká etí sókè. Mo la ẹnu láti bú u, ohun tó jáde ni pé, "Fìlà lò ń ṣe yìí. Ilé ń fẹ̀, o ò fi èrò kún un."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín ayọ̀. Ó ní, "Háà, ó ti yé mi! Àlàyé yìí mà dáa o, Mà. Ta ló kọ́ ẹ̀yin náà?"

Kò ní nǹkan kan nínú. Ó kàn béèrè ni. Mo fẹ́ sọ pé orí fóònù, kò jáde. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní mò ń bọ̀, mo wọ inú lọ, mo tilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó dáadáa: gbogbo ọ̀rọ̀ tó wúlò tí mò ń sọ fún wọn, tìyá yẹn ni. Èébú nìkan ni tèmi.

Mo lọ bá Ràṣídà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lé mi padà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó júwe ilé Ìfọ̀ fún mi. Ó ní kí n lọ, àmọ́ kí n má lọ torí kí ara lè tu èmi o.

Mo ra òwú dání, àwọ̀ mẹ́jọ, òwú tó dáa jù lọ́jà. Mo ra abẹ́rẹ́ tí ìdìmú ẹ̀ nípọn, irú èyí tí ọwọ́ tí ò lágbára lè dì mú. Nígbà tí mo débẹ̀, Ìyá Ràṣídà jókòó sórí àga onírọ́bà níwájú ilé, ó ń gba atẹ́gùn. Ó ti rù. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ wà lórí itan, gbogbo ìka ẹ̀ ti ká wọ àtẹ́lẹwọ́.

Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Mo ní, "Ẹ káàsán, Mà."

"Ìyá Tìmí. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Mà."

"Bàbá wọn ńkọ́?"

"Dáadáa ni wọ́n wà, Mà."

"Alhamdulillahi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀: irọ́ tí mo pa, ipò tí mò ń wá, ẹ̀rín tó dùn mọ́ mi. Mo sunkún. Kò dá mi dúró, kò sì ní kí n dìde. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi.

"Ṣé o ti sọ ọ́ tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi ẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó ò ń tú u, ṣé o gbàgbé bí mo ṣe hun ún ni, àbí o rántí?"

Mo lè parọ́. Ó rẹ̀ mí láti máa parọ́. "Mo rántí, Mà. Gbogbo ẹ̀ ni mo rántí."

Ó mi orí. "Ká ní o gbàgbé ni, ì bá rọrùn fún mi."

Mo na báàgì òwú náà sí i. Ó wo inú ẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì kan èyí yẹ́lò, mo rò pé ó máa gbà á. Ó tì í padà sí mi.

"Gbé e lọ. Ọwọ́ yìí ò ṣe é mọ́. Àtọjọ́ yẹn, tí mo bá ti mú abẹ́rẹ́, ẹ̀rín yín ni mò ń gbọ́. Wọ́n ní ká tún máa bọ̀ ní ọsibítù, mo ní ó tó."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ẹ dárí jì mí."

"Mo gbọ́. Mi ò ṣépè fún ẹ, mi ò sì ní ṣe é. Àmọ́ ìdáríjì ò tíì sí lọ́kàn mi, mi ò ní fẹnu lásán sọ ọ́ fún ẹ torí pé o wọkọ̀ wá. Lọ́jọ́ tí mo bá rí i lọ́kàn mi, màá ní kí Ràṣídà pè ẹ́. Dìde, iyanrìn ń gún ẹ lórúnkún."

Mo dìde. Ó ní kí wọ́n fún mi lómi, kí n mu ún kí n tó máa lọ. Mo mu ún. Ká ní ó lé mi jáde ni, ì bá sàn.

Nígbà tí mo padà dé Mowe, mo já okùn yẹn. Mo sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ pé ìyá kan ní Ìfọ̀ ló kọ́ mi, mo sì sọ ohun tí mo fi san án fún un. Àwọn méjì dìde lọ́jọ́ náà, wọn ò padà wá mọ́. Mi ò bá wọn wí. Mo fi ti Àǹtí Rónkẹ́ sílẹ̀ náà. Ó ní òmùgọ̀ ni mí, pé ìyá tí ò mọ nǹkan kan ló da orí mi rú. Ojú òde ilé mi ni mo ti ń kọ́ àwọn mẹ́ta tó kù báyìí.

Mo bẹ ẹni tó ká fídíò yẹn kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún rí i lójú ìwé ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ̀rín pọ̀ lábẹ́ ẹ̀. Mo kọ̀wé sí ẹni náà pé èmi ni tíṣà inú fídíò yẹn, kó bá mi yọ ọ́ kúrò. Ó ní ẹ̀yin lẹ pa wá lẹ́rìn-ín!

Ràṣídà ò tíì pè mí. Oṣù kẹjọ rè é tí mo ti lọ sí Ìfọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Ìtìjú kì í kọ́ ọwọ́ níṣẹ́. Mo ti rí ọwọ́ tó ti ń bọ̀ sípò, ìtìjú ló tún ká a padà. Tí iṣẹ́ ẹnì kan bá wọ́, ẹ fi ibi tó ti wọ́ hàn án, kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ tú u. Ẹni tó bá sì ti ràn yín lọ́wọ́ rí, ẹ dárúkọ ẹ̀ ní gbangba nígbà tó ṣì lè gbọ́ ọ. Ẹ tún gbọ́ èyí: ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe owó ọjà. Ẹ lè bẹ ènìyàn dáadáa, kó má gbà, kó sì jàre.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ má kọ nǹkan kan sábẹ́ ibí láti fi tù mí nínú o, mi ò torí ẹ̀ kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́ rí, máa sọ tìẹ, màá kà á. Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ jù ni ẹni tó ṣe é fún ẹlòmíràn, tó mọ̀ pé òun ṣe é, tí kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ta lo ṣe é fún? Ṣé onítọ̀hún ṣì wà láàyè? Ṣé o ti lọ bẹ̀ ẹ́?